ILÉ LA TI Ń KÓ Ẹ̀ṢỌ́ RÒDE
Ọdún 2023 àti ìmọ̀ ilé alámọ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni ó bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023 mu nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé àti ilé kíkọ́ ní gbogbo àgbáyé. Ní ọdún náà, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí péjọ sí ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n sì fi ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ́wọ́ wọn dá àwọn kan lọ́lá tí wọ́n kò kọ amọ̀ àti ọgbọ́n ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ojú òṣì wò ní abúlé baba rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí àga ọlá lókè òkun. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: bí òde bá ń yin ẹ̀ṣọ́ tí ó ti ilé wa jáde, kí ni àwa tí a wà nílé ń fi ẹ̀ṣọ́ náà ṣe?

MÍMỌ NI À Ń MỌ ILÉ

Kí á tó dé Venice, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ èdè wa wò. Lónìí, a ń sọ pé a kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n mímọ ni àwọn baba wa ń mọ ilé, bí a ti ń mọ ìkòkò, tí a sì ń mọ odi ìlú. Ọ̀mọlé ni wọ́n ń pe ẹni tí ó gbọ́n iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré yìí ti sọ ohun èlò iṣẹ́ wọn fún wa: amọ̀, omi, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ẹni tí ó fẹ́ mọ ilé yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Àna, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ yóò sì péjú. Wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀, wọn yóò pọn omi sí i, wọn yóò fi ẹsẹ̀ gún ẹrẹ̀ náà títí yóò fi kúnná. Wọn yóò wá máa sù ú ní ìṣù-ìṣù, wọn yóò máa jù ú sí ọ̀mọlé, òun náà yóò sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Bí ó bá parí ìpele kan, kò ní gbé òmíràn lé e lọ́jọ́ náà. Ó di ìgbà tí ti ìṣáájú bá gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lanu fún aláǹgbá.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ibẹ̀ kò mọ sí ògiri nìkan. Àwọn yàrá yóò yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò wà níwájú wọn, òrùlé yóò sì nà kọjá ògiri kí òjò má baà jẹ ẹ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni baálé ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọdé ti ń gbọ́ àlọ́. Ògiri tí ó nípọn kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán tètè ráyè wọlé. Títún ilé ṣe pàápàá ní àsìkò tirẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdọọdún ni àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo òrùlé ààfin, wọ́n sì sọ ọjọ́ náà di ọdún Bẹẹrẹ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ilé tí a kò bá tún ṣe yóò wó, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ àtúnṣe di àríyá.

OHUN TÍ VENICE RÍ

Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe àfihàn ńlá ti iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Venice. Ìkejìdínlógún irú rẹ̀ ni ti ọdún 2023, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, tí ó sì parí ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá. Obìnrin ni alábòójútó rẹ̀, Lesley Lokko, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Skọ́tíláǹdì. Kò sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ adúláwọ̀ wà lára rẹ̀ tí ó jókòó sí ipò náà ṣáájú rẹ̀. Nínú àwọn 89 tí ó pè láti kópa, ó lé ní ìdajì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà tàbí ìran wọn tí ó wà káàkiri ayé. Ọ̀nà ti ń là bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, nítorí pé ní ọdún 2022 ni Francis Kéré, ọmọ ilẹ̀ Burkina Faso, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, lẹ́yìn tí ó ti fi amọ̀ abúlé rẹ̀ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Gando.

Ẹ̀bùn tí ó kan ilé wa gbọ̀ngbọ̀n ni Kìnnìún Wúrà tí wọ́n fi dá Demas Nwoko lọ́lá fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni ọdún 87 ni bàbá náà nígbà tí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ọmọ Idumuje-Ugboko ni ní ìpínlẹ̀ Delta, ọmọ ọba sì ni. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́ ní Zaria, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wo Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963 ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀, nítorí pé òun ni ó ṣe ọnà ìtàgé eré náà. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni ó kọ́ ilé ìsìn àwọn àlùfáà Dominican ní Ìbàdàn, tí ó fi àwọn òpó gbígbẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ máa wọlé bí ẹni pé wọ́n bá wọn ṣe àdéhùn. Ó da ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì láti ṣe búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Ohun tí Lokko yìn ín fún gan-an ni pé ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n sọ gbangba pé kò yẹ kí á máa kó ohun èlò àti èrò wọlé láti òkè òkun nígbà tí a ní tiwa.

Ọmọ wa mìíràn, Olalekan Jeyifous, tí a bí ní Nàìjíríà tí ó sì ń gbé Brooklyn ní Amẹ́ríkà, gba Kìnnìún Fàdákà ti àwọn ọ̀dọ́ tí ìrètí wà fún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ya àwòrán Áfíríkà kan tí ó lo ìmọ̀ ìbílẹ̀ rẹ̀ láti fi ṣe ètò ìrìn-àjò tí kì í ba ilẹ̀ àti omi jẹ́.

Síbẹ̀, oyin kò ṣàì ní oró tirẹ̀. Lokko sọ fún àwọn oníròyìn pé mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Gánà tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni wọn kò fún ní ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Ítálì. A yin ilé wọn, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

ÌYÁ NÀSÓ DÉ VENICE

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ níbi àfihàn náà. Bùràsíìlì ni ó gba Kìnnìún Wúrà nínú gbogbo wọn. Gabriela de Matos àti Paulo Tavares ni wọ́n ṣètò iṣẹ́ náà, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Terra, èyí tí í ṣe ilẹ̀. Wọ́n da erùpẹ̀ sí ilẹ̀ ilé náà, tí ó fi jẹ́ pé orí ilẹ̀pa ni ẹni tí ó bá wọlé yóò máa rìn. Wọ́n sì fi hàn pé ìtàn ilé ní Bùràsíìlì kò bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Brasília, olú ìlú tí a fi kọnkéré kọ́; ó ti wà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àti àwọn adúláwọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Lára àwọn ibi tí wọ́n tọ́ka sí ni ilé òrìṣà kan ní Salvador ní Bahia, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Casa Branca. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ilê Axé Iyá Nassô Oká. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Ta ni nínú wa tí ó nílò ògbufọ̀ fún Ilé, fún Àṣẹ, tàbí fún Ìyá Nàsó? Oyè ààfin Ọ̀yọ́ ni Ìyá Nàsó, òun ni ó ń bójú tó ìsìn Ṣàngó fún Aláàfin. Àwọn tí a kó lẹ́rú kò lè gbé ògiri dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé oyè, ìsìn àti ètò agbo ilé lọ. Ní ọdún 1984, ìjọba Bùràsíìlì fọwọ́ sí i pé kí ilé náà di ohun àjogúnbá tí òfin dáàbò bò, ìyẹn ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

AMỌ̀ NÌKAN KÒ TÓ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí gbogbo wa padà sínú ilé alámọ̀ lọ́la. Ọdún 2023 yìí kan náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kíkorò. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ mì tìtì ní Mòrókò, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sì kú. Púpọ̀ nínú ilé tí ó wó ní àwọn abúlé orí òkè jẹ́ ilé amọ̀ àti òkúta. Ṣùgbọ́n ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń fi kọnkéré kọ́ ní Ìkòyí náà wó ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní ogójì. Kò sí ohun èlò tí kì í pa ènìyàn bí ìmọ̀ àti òtítọ́ bá ti kúrò nínú iṣẹ́. Ọ̀mọlé tí ń dúró kí ìpele kan gbẹ kí ó tó gbé òmíràn lé e mọ èyí.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ti ẹwà lásán. Títí di ìgbà náà, nínú gbogbo ọdún tí a ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò sí èyí tí ayé gbóná tó 2023. Sìmẹ́ǹtì nìkan sì ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ọwọ́ ènìyàn ń tú sí ojú sánmọ̀. A ń kọ́ ilé tí ó ń mú ayé gbóná, a sì ń wá owó iná àti ti jẹnẹrétọ̀ tí yóò mú inú rẹ̀ tutù. Ọ̀nà tí Nwoko là sílẹ̀ ni ó bọ́gbọ́n mu: kí á mú ti àtijọ́, kí á fi ìmọ̀ òde òní kún un, kí á má sọ ọ̀kankan nù.

KÍ NI ÀWA Ń ṢE?

Ní Èkó, ní gbàgede Tinúubú, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ní ọdún 1855 ni a kọ́ ọ ní ọnà àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì padà bọ̀. Ní ọdún 1956 ni a kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o palẹ̀. Bùràsíìlì fi òfin dáàbò bo ilé tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Àwa wó ilé tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn bọ̀. Ẹ dákun, èwo nínú wa ni ọlọ́gbọ́n?

Kì í ṣe pé ìrètí ti pin. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí Ilé Àṣà àti Ìtàn Yorùbá ti John Randle ní Oníkàn, Èkó. Ṣùgbọ́n ilé àṣà kan kò lè dípò àṣà inú ilé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba ilé baba yín lọ nígbà ìsinmi, ẹ ya àwòrán ògiri tí ó kù, ẹ wọn àgbàlá rẹ̀, ẹ sì kọ orúkọ igun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi wọ́n ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àkòdì àti kọ̀bì, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ gún ẹrẹ̀ rí, ẹ má dúró kí á tó béèrè kí ẹ tó sọ fún wa, nítorí pé ọ̀mọlé ń lọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ.

Kìnnìún Wúrà ti dé ọwọ́ ẹni tí ó tọ́ sí. Ọlá ni fún gbogbo wa. Ṣùgbọ́n Venice kò ní bá wa tún òrùlé ṣe. Ẹni tí ó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.