Ṣé Ẹ Ti Pa Mọ́tò Náà? Àlàyé lórí Kọ́kọ́rọ́, Bọ́tìnì àti Hándíbíréèkì

Gbogbo wa tí a ti jókòó ní kíláàsì gírámà Yorùbá la mọ ọ̀rọ̀-ìṣe àsínpọ̀. A máa ń sọ pé "Olú ra ẹran jẹ", nítorí pé rírà ló ṣáájú jíjẹ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé "Olú jẹ ẹran rà". Bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn ni ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pípáàkì mọ́tò rí: iṣẹ́ bíi mẹ́fà ni, wọ́n sì ní èwo tó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá da gírámà rú, àwọn ará kíláàsì á fi í rẹ́rìn-ín, ó parí. Ẹni tó bá da ètò mọ́tò rú lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn dí i.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi yẹ ní àsìkò yìí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ń ra Tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ wọn, àwọn mìíràn nínú wa sì ń wa mọ́tò òbí wọn wá sí ọgbà. Àwọn mọ́tò yìí kò rí bákan náà mọ́. Òmíràn ń lo kọ́kọ́rọ́ onírin, òmíràn ń lo bọ́tìnì. Àṣà tí a kọ́ lórí ọ̀kan kò tó fún èkejì.

Kọ́kọ́rọ́ onírin: ìgbésẹ̀ kan, iṣẹ́ mẹ́ta

Ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sábà máa ń ní ibùdó mẹ́rin, wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i lára. LOCK ni ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọlé tó sì ti ń jáde. Tí ẹ bá ti yọ ọ́ níbẹ̀, sítíárìn á há, kò ní yí mọ́. ACC ni ibi tí rédíò àti àwọn nǹkan kéékèèké ti ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹ́ńjìnnì. ON ni ibi tí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ibẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ń rìn. START ló ń jí ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ á fúnra rẹ̀ padà sí ON.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo jíà ọtomátíìkì, kọ́kọ́rọ́ kò ní yọ àfi tí jíà bá wà ní P. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá ti rí kọ́kọ́rọ́ yọ, ẹ́ńjìnnì ti kú, sítíárìn ti há, jíà sì wà níbi tó yẹ kó wà. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Àwọn bàbá wa kò nílò láti ronú lé e. Irin tó wà lọ́wọ́ wọn ni ẹ̀rí.

Nǹkan méjì ni ká ṣọ́ra fún níbí. Èkíní ni pé ká má pa mọ́tò nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Àwọn awakọ̀ kan máa ń ṣe é kí epo má baà tètè tán. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, sítíárìn á le koko, bíréèkì náà kò ní lágbára ju ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ. Tí ẹni náà bá wá ṣèèṣì yí kọ́kọ́rọ́ dé LOCK tó sì yọ ọ́, sítíárìn lè há mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí eré.

Èkejì ni ẹrù tí à ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́: kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti géètì, irin ìṣígò, àwòrán ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn oníbàárà dá nǹkan bí mílíọ̀nù 2.6 mọ́tò padà fún àtúnṣe, Chevrolet Cobalt wà lára wọn. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń yí sí nínú àwọn mọ́tò náà kò lágbára tó. Tí mọ́tò bá wọ kòtò, tàbí tí ẹrù ara kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, ó lè yí kúrò ní ON lọ sí ACC lórí eré. Ẹ́ńjìnnì á kú, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wú láti gba awakọ̀ sílẹ̀ kò sì ní wú. Owó ìtanràn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹbí gbà pé ènìyàn 124 ló bá a lọ. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín, ẹ jẹ́ kó dá wà.

Bọ́tìnì: kọ́kọ́rọ́ tó ń dáhùn láti inú àpò

Nínú mọ́tò oníbọ́tìnì, kọ́kọ́rọ́ kò wọ ihò kankan. Mọ́tò ló ń pè, kọ́kọ́rọ́ ló ń jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kan ilẹ̀kùn tí onílé béèrè pé "Ta nìyẹn?" Tí kọ́kọ́rọ́ bá dáhùn bó ṣe yẹ láti inú àpò yín, tí ẹ sì tẹ bíréèkì kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ́ńjìnnì á jí. Tí ẹ kò bá tẹ bíréèkì, bọ́tìnì kò ní ṣe ju ACC tàbí ON lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi mọ́tò sílẹ̀ báyìí, tí wọ́n rò pé àwọn ti pa á, tí bátìrì á sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá nìyí: lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, mọ́tò kò ní kú nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ti jìnnà. Ó lè ké, ó lè kọ nǹkan sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló ń ṣe lọ. Tí ẹ bá já ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìwó Road tí ẹ sì ń bá eré lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mọ́tò á gbé yín débẹ̀. Nígbà tí ẹ bá pa á, kò ní jí mọ́.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni mọ́tò tí kò pariwo. Ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé máa ń dákẹ́. Àwọn tó ń lo epo àti iná pọ̀, bíi Toyota Prius, lè dákẹ́ pátápátá níbi tí wọ́n dúró sí, kí ẹ́ńjìnnì tún wá fúnra rẹ̀ jí nígbà tí bátìrì bá fẹ́ iná. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí gáréèjì ti sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ilé, àwọn ènìyàn ti kú lórí ibùsùn wọn nítorí pé wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ wọlé, wọn kò sì tẹ bọ́tìnì. Gáàsì carbon monoxide ló pa wọ́n. Kò sí ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé gáàsì yìí fún ní ilẹ̀ wa. Òun náà ló ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń sùn kò sì ní mọ ìgbà tó wọlé.

Ohun kejì tó yẹ kí gbogbo onímọ́tò bọ́tìnì mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pa á lórí eré tí ewu bá dé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ènìyàn mẹ́rin kú nínú Lexus ES 350 kan nítòsí San Diego ní ìpínlẹ̀ California. Kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ló dì mọ́ ibi tí à ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré, mọ́tò náà sì ń sáré lọ láìdúró. Mọ́tò àyálò ni. Ẹni tó ń wà á jẹ́ ọlọ́pàá ojú pópó. Ní irú mọ́tò báyẹn, títẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan kò ní pa ẹ́ńjìnnì tó bá ń rìn. Ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn Toyota tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra. Ẹ ka ti mọ́tò yín kí ẹ tó nílò rẹ̀. Kí ẹ sì kọ́kọ́ gbìyànjú láti sún jíà sí N, nítorí pé ẹ́ńjìnnì á lè máa sáré láìwa táyà, sítíárìn yín kò sì ní le.

Tí bátìrì kékeré inú kọ́kọ́rọ́ bá kú, ẹ má dààmú. Ọ̀pọ̀ wọn ní kọ́kọ́rọ́ irin kékeré tó fara pamọ́ sínú fún ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá wọlé, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ náà kan bọ́tìnì, ẹ tẹ bíréèkì, mọ́tò púpọ̀ á dá a mọ̀.

P kì í ṣe hándíbíréèkì

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọtomátíìkì kì í fọwọ́ kan hándíbíréèkì rárá. Wọ́n ní P ti tó. Ohun tí P ń ṣe ni pé ó ń ti eyín irin kékeré kan bọ àárín eyín jíà kí ó má lè yí. Eyín kékeré yìí ló wá ń gbé ìwúwo gbogbo mọ́tò lórí òkè. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọ̀nà Òkè Mápó: tí wọ́n bá fẹ́ yọ jíà kúrò ní P, á le, á sì dún "gbà!" Eyín náà ló ń jẹ̀rora.

Nítorí náà, ètò rẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, kí ẹ fa hándíbíréèkì, kí ẹ sún jíà sí P, kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Hándíbíréèkì ló máa gbé ẹrù, P á wá jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì. Ní mọ́tò oníkílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sí jíà kìíní tí imú rẹ̀ bá kọjú sókè, rìfáàsì tó bá kọjú sí ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ yí táyà iwájú sí ọ̀tún, sí etí títì. Tí ẹ bá kọjú sókè tí èbúté kọnkéré sì wà létí títì, ẹ yí i sí òsì kí táyà lè fẹ̀yìn tì í. Tí kò bá sí, ẹ yí i sí ọ̀tún. Mọ́tò tó bọ́ sí gọ́tà sàn ju èyí tó bọ́ sí àárín ọjà.

Ẹ sì máa wo lẹ́tà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, Anton Yelchin, òṣèré fíìmù Star Trek, ẹni ọdún 27, kú sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Jeep Grand Cherokee rẹ̀ ló yí lẹ́yìn rẹ̀ tó sì fún un mọ́ géètì. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kéde àtúnṣe fún mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù 1.1, nítorí pé igi jíà wọn máa ń padà sí àárín lẹ́yìn tí a bá sún un, ọwọ́ kò sì lè mọ̀ bóyá P ló wà tàbí ibòmíràn. Ohun tí ọwọ́ kò lè mọ̀, ojú ló yẹ kó wò ó.

Títi mọ́tò

Nínú èdè wa, "Ó ti mọ́tò" lè túmọ̀ sí pé ó fi ọwọ́ tì í kó lè rìn, ó sì lè túmọ̀ sí pé ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ìtumọ̀ kejì yìí gan-an ti wá ní ìpele.

Ìpele kìíní ni ilẹ̀kùn. Àwọn olè kan ní ẹ̀rọ tó ń dí ohùn rìmóòtù lọ́wọ́ ní ibi ìpáàkì, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀kùn má sì tì. Ẹ fi ọwọ́ fà á wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìpele kejì ni ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní immobilizer kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jí àfi tí ó bá gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀. Òfin ti sọ ọ́ di dandan ní Yúróòpù láti 1998 àti ní Kánádà láti 2007, ṣùgbọ́n kò di dandan ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Kia àti Hyundai oníkọ́kọ́rọ́ irin tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láàárín 2011 sí 2021 kò fi ní i, tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fi ń jí wọn gbé bí ẹni ń ṣeré, títí àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ọ̀fẹ́ ní 2023. Irú wọn ń bá ọkọ̀ ojú omi dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń ra Tòkunbọ̀, kó bèèrè èyí, kó sì ní kí oníṣẹ́ iná mọ́tò pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú ìrántí mọ́tò.

Ìpele kẹta kan àwọn oníbọ́tìnì. Olè méjì lè fi ẹ̀rọ gba ohùn kọ́kọ́rọ́ láti inú ilé kí wọ́n sì gbé e dé ara mọ́tò níta. Agolo onírin tó ní ìdérí lè dí ohùn náà. Ẹ fi dán an wò: ẹ gbé agolo náà sún mọ́ mọ́tò, tí ilẹ̀kùn bá ṣì ń ṣí, agolo náà kò dára.

Ìpele tó ṣe pàtàkì jù kò kan olè. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọmọdé mẹ́jọ há sínú mọ́tò kan tí wọ́n ti pa tì ní Badagry, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Gbogbo wọn ló kú. Mọ́tò tí a kò lò mọ́ náà yẹ ní títì, èyí tí a ń lò náà sì yẹ ní wíwò kí á tó tì í.

Ètò náà lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ dúró, kí ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì.
2. Ẹ fa hándíbíréèkì.
3. Ẹ sún jíà sí P, ẹ wo lẹ́tà náà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.
4. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ rí i pé gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti kú.
5. Ẹ wo àga ẹ̀yìn.
6. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fà á wò.

Irin kan ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn tó ṣáájú wa. Ní báyìí, àwa fúnra wa la máa tò ó tẹ̀lé ara wọn. Kò gba ìṣẹ́jú kan.