Ìràwọ̀ Onírù: Ṣé Ó Lè Kọ Lu Ayé?

Ìràwọ̀ onírù jẹ́ òkìtì yìnyín, eruku àti òkúta tó ṣẹ́kù láti ìgbà ìpilẹ̀ṣẹ̀ oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún sẹ́yìn. Ibi tí òtútù ti mú jù, níwájú pílánẹ́ẹ̀tì Nẹ́púnù lọ́hùn-ún, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Bí agbára òòfà bá yí ipa ọ̀nà ọ̀kan padà tó sì forí lé ọ̀dọ̀ oòrùn, ooru á sọ yìnyín rẹ̀ di gáàsì, gáàsì náà á gbé eruku dání, ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti atẹ́gùn tó ń ti ara rẹ̀ jáde á sì tì wọ́n sẹ́yìn, títí wọn yóò fi di ìrù gígùn tí ojú ń rí.

Pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè kọ lu pílánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù keje ọdún 1994, àwọn àfọ́kù ìràwọ̀ onírù Shoemaker-Levy 9 já lu Júpítà léraléra, àpá tí òmíràn nínú wọn dá sí i sì fẹ̀ tó ilé ayé. Ṣùgbọ́n Júpítà tóbi ju ayé lọ fíìfíì, òòfà rẹ̀ sì lágbára gan-an. Ní ti ayé, ọ̀kan lára àwọn tó tíì sún mọ́ ọn jù nínú àkọsílẹ̀ tó dájú ni ìràwọ̀ onírù Lexell ti ọdún 1770, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣì jìnnà tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ibi tí òṣùpá wà. Nínú ohun gbogbo tó lè já lu ayé láti òfurufú, àwọn àpáta òfurufú, tí kò ní yìnyín tó bẹ́ẹ̀ tí kì í sì í hu ìrù, ló pọ̀ jù. Ìdá tíntín ni ti ìràwọ̀ onírù.

Èyí tí a ti mọ ipa ọ̀nà rẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Halley, tó yọ gbẹ̀yìn ní 1986, yóò padà ní 2061. Swift-Tuttle, tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 26, yóò yọ ní 2126, ìṣirò sì ti fi hàn pé yóò kọjá láìfara kan ayé. Èyí tó yẹ kí ìjọba fi owó ṣọ́ ni àwọn tí ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn réré, tí ojú kò rí rí. Oṣù kìíní ọdún 2013 ni wọ́n ṣàwárí ọ̀kan, Siding Spring. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2014, ó ti gba ẹ̀gbẹ́ Máàsì kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 140,000 péré. Lóòótọ́, ọkọ̀ òfurufú DART ti Amẹ́ríkà kọ lu àpáta Dimorphos ní 2022, ó sì yí ìrìn rẹ̀ padà, àmọ́ àpáta kékeré tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àkókò tí kò tó ọdún méjì kéré jù láti múra de èyí tó fẹ̀ ní kìlómítà mélòó kan, ìdí sì nìyí tí awò awọ̀nàjíjìn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run fi ṣe pàtàkì ju ohun ìjà èyíkéyìí lọ.

Àgbọ́sọ náà ń ṣe ọṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1910, nígbà tí ìròyìn kàn pé gáàsì olóró wà nínú ìrù Halley, àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fowó ra oògùn ayédèrú, wọ́n sì ń dí ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wọn. Gáàsì náà fẹ́lẹ́ débi pé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ewu tó súnmọ́ni jù ni ti òkúta kékeré. Èyí tó bú gbàù lókè Chelyabinsk, ní Rọ́ṣíà, ní oṣù kejì ọdún 2013, fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20. Àwọn tó fara pa tó nǹkan bí 1,500, gíláàsì fèrèsé tó fọ́ ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn léṣe, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé kí ìró tó dé. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ìmọ́lẹ̀ ńlá lójijì lójú ọ̀run, kí ó má ṣe sáré lọ wò ó lójú fèrèsé. Kí ó jìnnà sí gíláàsì, kí ó dojú bolẹ̀, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ó tó dìde.