Páálí Àwo Orin «Blue Monday»
New Order, iléeṣẹ́ Factory Records, Manchester, 1983. Peter Saville àti Brett Wickens ló ya iṣẹ́ ọnà rẹ̀.

Ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ olórin níwájú páálí yìí títí, ẹ ò ní rí i. Àwọn àwọ̀ tó tò sí etí rẹ̀ ló dúró fún lẹ́tà; ẹ̀yìn àwo mìíràn, «Power, Corruption & Lies», ni wọ́n tẹ ìlànà kíkà á sí. Ẹni tí kò bá ra ìyẹn, ó dọwọ́ ẹ̀. Díìsì kọ̀ǹpútà ayé ọjọ́un ni Saville wò ṣe é, pẹ̀lú ihò lára. Wọ́n ní gígé ihò náà wọ́n débi pé iléeṣẹ́ ń pàdánù bí àwo ṣe ń tà. Ọdún 1955 tí wọ́n bí Saville ní Manchester ni wọ́n bí ayàwòrán Lemi Ghariokwu l'Ékòó. Àmọ́ páálí àwo Fela tí ìyẹn yà kì í fi ohunkóhun pa mọ́.