Níbo ni Omi Tí Wọ́n Fi Fọ Kọfí Ń Lọ?

Kọfí ni kò jẹ́ kí n sùn lẹ́nu iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi lọ́dún ìkẹyìn yìí, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń mu ún ní ẹ̀ka wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó pa kọfí pọ̀ mọ́ odò.

Lábẹ́ èèpo pupa èso kọfí, ohun kan wà tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, òun ló bo kóró. (Iṣẹ́ tiwa ni kí a wá orúkọ fún un, oje yíyọ̀ ni mo fẹ́ máa pè é.) Ní Kòlóńbíà, níbi tí ìdílé tó lé ní 500,000 ti ń gbin kọfí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bó èèpo náà. Wọ́n á jẹ́ kí oje yíyọ̀ náà kan mọ́jú, wọ́n á sì fọ̀ ọ́ dànù. Látijọ́, omi ni wọ́n ń dà sí gbogbo rẹ̀, kílò kan kóró gbígbẹ sì máa ń gba nǹkan bíi lítà 40. Odò ni omi náà ń yà sí. Kì í ṣe májèlé ló wà nínú rẹ̀ o, ṣúgà ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ṣúgà náà ló ń fa ọ́síjìn inú omi tán, ẹja á sì kú. Ará ìsàlẹ̀ odò tí kò gbin kọfí kankan ló ń gbóòórùn rẹ̀.

Cenicafé, ilé ìwádìí kọfí ilẹ̀ náà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938, rí i pé èèpo ló ń fa nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdọ̀tí yìí. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí: kí àgbẹ̀ má da omi sẹ́rọ nígbà tó bá ń bó kọfí. Oje inú èso tó pọ́n dáadáa tó láti yọ kóró jáde. Èèpo á di oúnjẹ ekòló, ìgbẹ́ ekòló á di ajílẹ̀. Tí wọ́n bá tún fọ kóró lẹ́ẹ̀mẹrin nínú táǹkì dípò omi tó ń ṣàn, lítà 40 á di bíi 4.

Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ kan, Becolsub, tó ń ha oje náà kúrò pẹ̀lú omi tí kò tó lítà 1. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ owó àti iná. Bíbó láìlómi ni mo gbà pé ó bá àgbẹ̀ kékeré mu jù.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó wa kì í fọ kóró: wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí ó lè kan, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Púpọ̀ nínú kọfí agbègbè Kabba náà, todindi èso ni wọ́n ń sá a. Omi kò bá a débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó gbẹ, bí òjò bá sì pa á, yóò bu. Lórí òkè Kòlóńbíà tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá, wọ́n ní láti fọ̀ ọ́.