Ta Ni Ìyá Tó Ru Búrẹ́dì Yìí?

Àwòrán kan wà níwájú mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan ni mo ti rí i nílé ìkàwé, wọ́n sì bá mi ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ọlọ́pàá kan dúró sí oríta kan l'Ékòó, ó na ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin kan wà létí títì, ó ru àtẹ búrẹ́dì, ó pọn ọmọ. Ó fẹ́ sọdá. Apá ọ̀tún ló ń wò, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì ni bọ̀lẹ̀kájà ti ń bọ̀.

Oṣù April 1972 ni. Àwọn àgbà tó wà láyé nígbà náà á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù yẹn ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon yí ìrìn ọkọ̀ padà ní gbogbo Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ wa la ti ń rìn tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ó di ọwọ́ ọ̀tún, bí wọ́n ti ń ṣe ní Dahomey (tí à ń pè ní Benin lónìí) àti lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa yòókù. Ọjọ́ Ìsinmi ni, Ọjọ́ Ìsinmi Àjíǹde gan-an! Bí onígbàgbọ́ ti ń lọ sílé ìsìn láti yọ̀ pé Jésù jíǹde, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ tó ti ń wakọ̀ láti ogún ọdún ń kọ́ ìrìn bí ọmọdé.

Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé ará Èkó ń kọ́ òfin tuntun. Orúkọ obìnrin náà kò sí níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí ìwé ìròyìn ti ń tọ́jú ìgbé ayé wa. Ọjọ́ 1 oṣù June 1926 ni Daily Times kọ́kọ́ jáde. West African Pilot tẹ̀lé e ní 1937, Nigerian Tribune ní 1949. Àwọn onífọ́tò wọn ṣe gudugudu méje. Ọ̀kan nínú wọn ni Peter Obe ti Daily Times, ẹni tó ya ọ̀pọ̀ àwòrán ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára kì í ṣe ti ogun tàbí ti àwọn ìjòyè. Ti àwọn èrò tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́lùé ni, àti ti àwọn tó ká ṣòkòtò sókè nínú àgbàrá. Ẹ rántí January 1973 tí náírà dé, tí náírà méjì dípò pọ́n-ùn kan, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń yí kọ́bọ̀ tuntun wò síwá sẹ́yìn. Ẹ rántí 1977 pẹ̀lú, tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ fi mú kí ìjọba pàṣẹ l'Ékòó pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé pín sí méjì kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tí kò ṣeé pín. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Ọgbọ́n Èkó!

Mo kó ẹ̀dà mélòó kan lọ bá àwọn ìyá ìjọ wa lẹ́yìn ìpàdé wọn. Mo rò pé wọn á wò ó, wọn á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ìyá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún mú àwòrán àwọn tó tò sídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n sún un mọ́ ojú. Mo ní kí wọ́n nà án jìnnà díẹ̀, nítorí àmì tóótòòtóó ni wọ́n fi ń tẹ àwòrán ìwé ìròyìn; béèyàn bá sún mọ́ ọn jù, ojú á fọ́ sí wẹ́wẹ́.

"Ẹni kẹta yìí," ni Màmá wí, "ẹ wo bó ṣe fọwọ́ lé ìbàdí. Ìyá Ìbejì àdúgbò wa ní Mushin ni."

"Ẹ̀yin náà, Màmá! Ìyá Ìbejì kì í wé gèlè báyìí," ni ìyá mìíràn fèsì. Iyàn bẹ̀rẹ̀.

Bóyá òun ni, bóyá òun kọ́, ìtàn ti dé. Ní 1974 tí Màmá bí àkọ́bí wọn, tí wọn kò lè dìde, Ìyá Ìbejì a máa jí ní aago mẹ́ta òru lọ tò sídìí ẹ̀rọ, a sì gbé garawa kan wá sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ogójì ọjọ́ gbáko, kò gba kọ́bọ̀. "Kì í ṣe onígbàgbọ́ o," ni Màmá wí, "Mùsùlùmí ni."

Àkọ́bí náà ló wá gbé Màmá lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ó dúró gbọn-in. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀yin ará, nínú ìwé Jóṣúà orí kẹrin, òkúta méjìlá ni Ísírẹ́lì gbé kúrò nínú Jọ́dánì, kí ọmọ wọn lè béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí baba sì sọ fún un. Òkúta kò lè sọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ ọ́. Ìwé ìròyìn pàápàá, wàhálà ló sábà máa ń lọ yà. Ta ló máa ya ẹni tó gbé omi fún aládùúgbò lóru?

Fọ́tò wà nínú àpótí yín nílé. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe báírò, nítorí yíǹkì a máa là á já. Áḿbọ́ọ̀mù tó ní gọ́ọ̀mù máa ń ba fọ́tò jẹ́. Bí ẹ bá gé àwòrán láti inú ìwé ìròyìn, ẹ má fi í sínú oòrùn, kíá ni bébà rẹ̀ ń pọ́n tó sì ń rún.

Màmá ní kí n fi àwòrán ẹ̀rọ omi sílẹ̀ fún àwọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí. Ọmọ-ọmọ wọn ló bá wọn kọ ọ́: "Ìyá Ìbejì, Mushin. Ó pọnmi fún wa." Ìyá kejì ti fi àmì ìbéèrè sí i.

Ti oníbúrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi han ọ̀pọ̀ èèyàn, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó pọ̀n yẹn á ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún báyìí.