Òṣùwọ̀n Inú Àwòrán Kọ̀ǹpútà àti Bí A Ti Ń Dán An Wò

Ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń lo káàdì kan fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Iye oṣù tí ọmọ ti lò láyé wà ní ìsàlẹ̀ káàdì náà, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́. Nígbàkígbà tí a bá wọn ọmọ, a ó fi àmì sí ibi tí oṣù àti ìwọ̀n ti pàdé. Bí ìlà tí ó so àwọn àmì wọ̀nyí pọ̀ bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ìkìlọ̀ ni pé oúnjẹ kò tó tàbí pé àìsàn wà lára. Ìyá tí kò mọ̀wé pàápàá lè rí i. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí ń kọ ètò sí kọ̀ǹpútà kì í sábà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń ra ìṣó lọ́jà dípò kí ó lọ rọ ọ́ lágbẹ̀dẹ, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń lo àkójọ ètò tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni D3, tí Mike Bostock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni sì lè ka bí a ti kọ ọ́.

Apá kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó sọ iye kan di ibi kan lójú àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà kún fún àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké, àwọn ni ó sì fi ń ya àwòrán. Bí àwòrán bá ga ní àmì 500, tí a sì fẹ́ kí ó gba ìwọ̀n láti orí òdo dé kìlógíráàmù 20, kìlógíráàmù kan yóò gba àmì 25. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 5 yóò wà ní àmì 125 láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ka àmì láti ìsàlẹ̀. Láti òkè ni ó ti ń kà á wá sísàlẹ̀. Nítorí náà òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ yí i padà, kí ó fi ọmọ náà sí àmì 375 láti òkè. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá gbàgbé èyí, gbogbo àwòrán yóò dorí kodò: ọmọ tí ó ń sanra yóò dà bí ẹni tí ó ń rù, èyí tí ó ń rù yóò sì dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Àwòrán náà yóò sì dára lójú. Kò sí ohun tí yóò fi hàn pé irọ́ ni ó ń pa.

Àwọn tí ń ta kòkó mọ bí a ti ń mú irú irọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá wá yẹ òṣùwọ̀n wò yóò mú irin tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ dání. Yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò sì wò ó bóyá ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí iye tí ó yẹ. Ìdánwò abala kan nínú ètò kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí èyí. A ó fún òṣùwọ̀n inú àwòrán ní kìlógíráàmù 5, a ó sì bi í ní ibi tí yóò gbé e sí. Bí ó bá dáhùn pé 375, ó yege. Bí ó bá dáhùn ohun mìíràn, ó kùnà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ó ń bi ìbéèrè náà tí ó sì ń wo ìdáhùn, ó sì lè ṣe ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò tí ó ní irin kan ṣoṣo kò tí ì yẹ òṣùwọ̀n wò. Òṣùwọ̀n lè sọ òtítọ́ nípa àpò tí kò tóbi tí kò sì kéré, kí ó sì máa purọ́ nígbà tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, tàbí nígbà tí ẹrù wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń mú ìdánwò gbòòrò. Kì í ṣe pé kí a fi 6, 7 àti 8 kún 5. Bí 5 bá yege, ó ṣòro kí àwọn wọ̀nyẹn kùnà, a kò sì rí ohun tuntun kọ́. Etí ni kí a lọ, níbi tí ẹsẹ̀ ìṣirò ti lè yọ̀.

Ẹ wo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ó ní, ká sọ pé kìlógíráàmù 7. Ọ̀pọ̀ ètò ni a kọ pé kí òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tí ó kéré jù dé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀. Ti ọmọ yìí, 7 ni ó kéré jù, 7 náà ni ó pọ̀ jù. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, òdo ni ó kù, òṣùwọ̀n sì níláti fi ìyókù yìí pín nǹkan. Kò sí ẹni tí ó lè fi òdo pín nǹkan, kọ̀ǹpútà pàápàá kò lè ṣe é. Dípò kí ó kígbe, yóò dáhùn pé ohun tí òun rí kì í ṣe nọ́mbà, àmì ọmọ náà yóò sì pòórá. Nọ́ọ̀sì yóò rí àwòrán òfìfo, ó sì lè rò pé a kò wọn ọmọ náà rárá. Àwọn tí ó kọ D3 ti pinnu ohun tí ó yẹ ní irú ipò yìí: àárín gbùngbùn ni kí a fi àmì náà sí, èyí ni 250 nínú 500. Ìpinnu ni, kì í ṣe ìṣirò. Nítorí náà ó yẹ kí ìdánwò kan máa ṣọ́ ọ, kí ẹni tí yóò tún ètò náà ṣe lọ́la má baà pa á rẹ́ láìmọ̀.

Àwọn nọ́mbà tí a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ní ìyọnu tiwọn. Nínú èdè tí a fi kọ D3, bí a bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ni a ó rí. Kò sí nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ ka ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ọmọ.

Irú òṣùwọ̀n kan tún wà tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá: àyè tí ó wà láàrin 1 àti 10 bá èyí tí ó wà láàrin 10 àti 100 dọ́gba. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn lo irú rẹ̀ láti fi iye àwọn tí ó ní àrùn náà hàn. Òdo kò ní ibùjókòó lórí òṣùwọ̀n yìí, nítorí bí ènìyàn tilẹ̀ ń fi mẹ́wàá pín 1 títí, kò lè dé òdo láéláé. Ìwé àlàyé D3 sọ ọ́ gbangba pé òdo kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àkójọ náà sì ní òṣùwọ̀n mìíràn tí ó gba òdo mọ́ra. Ẹni tí kò bá fi òdo dán ètò rẹ̀ wò kò ní mọ̀, títí di ọ̀sẹ̀ tí ìlú kan kò ní aláìsàn kankan mọ́, tí ìlú náà yóò sì sọnù lójú àwòrán.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ń kọ ìdánwò. Wọn a jẹ́ kí ètò dáhùn ná, wọn a sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ bí èyí tí ó tọ̀nà. Èyí dà bí kí olùyẹ̀wò béèrè ìwọ̀n irin rẹ̀ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n tí ó wá yẹ̀ wò. Pẹ́ńsù àti ìwé ni ó yẹ kí a fi wá ìdáhùn kí a tó bi kọ̀ǹpútà.

Bí ẹnikẹ́ni tí ó ń lo àkójọ náà bá rí àléébù, ọ̀nà tí ó dára jù ni pé kí a kọ́kọ́ kọ ìdánwò tí yóò kùnà nítorí àléébù náà, kí a tó tún un ṣe. Lẹ́yìn àtúnṣe, ìdánwò náà kì í kúrò níbẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá tún fọwọ́ kan òṣùwọ̀n, kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbogbo ìdánwò láti orí èkínní dé èyí tí ó kẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá kùnà, yóò dárúkọ rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pé 375 ni a ń retí, 125 ni a rí. A kò sì ní gba iṣẹ́ náà wọlé títí a ó fi tún un ṣe.