Kámẹ́rà Agbékọ́rùn Àbí Kámẹ́rà Àpò: Èwo Ni Ká Fi Owó Wa Rà?

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní Yunifásítì Jos, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gba yàrá sí Angwan Rogo, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa máa ń bi ara wọn bí ayẹyẹ ìgbàwọlé tàbí ti ìgboyè bá ti ku díẹ̀: ṣé DSLR ni kí n rà, ìyẹn kámẹ́rà ńlá tí à ń gbé kọ́ ọrùn, àbí kámẹ́rà kékeré tí ń wọ àpò ṣòkòtò? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ẹlòmíràn á kó owó ilé ọdún kan lé e. Ẹlòmíràn á fi owó oúnjẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé rà á, á wá máa mu gààrí títí ìdánwò fi dé, kámẹ́rà á sì wà nínú àpótí nítorí kò rí i gbé jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nínú DSLR, dígí kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú lẹ́ńsì wọlé á kan dígí yìí, dígí á dà á sókè, ibẹ̀ ni yóò gbà dé ojú ẹni tó ń ya fọ́tò. Nítorí náà, ohun tí lẹ́ńsì ń rí gan-an ni ojú ń rí. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣí, á sì tún padé, ìmọ́lẹ̀ á ti bọ́ sórí sẹ́nsọ̀. Ariwo “kàṣà” tí à ń gbọ́ nìyẹn. Lẹ́ńsì rẹ̀ ṣe é yọ, ó sì ṣe é pààrọ̀. Kámẹ́rà àpò ní tirẹ̀ kò ní dígí, lẹ́ńsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ojú gíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ la sì máa ń wò.

Sẹ́nsọ̀ ló rọ́pò fíìmù ayé àtijọ́, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ owó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹnì kan gbé agbada síta, tí ẹnì kejì gbé ife síta, òjò kan náà ni, ṣùgbọ́n omi tí wọn yóò gbé wọlé kò lè dọ́gba. Sẹ́nsọ̀ kámẹ́rà àpò olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ju mílímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Ti Nikon D7200, DSLR kan tó jáde ní 2015, jẹ́ mílímítà 23.5 sí 15.6. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ó fẹ̀ tó ìlọ́po 13 ti kékeré yẹn. Ìdí nìyí tí fọ́tò alẹ́ tí kámẹ́rà kékeré yà fi máa ń rí bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i lójú.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà àpò kì í ṣe irú kan ṣoṣo, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò nìyí. Ní 2012, Sony gbé èyí tí wọ́n ń pè ní RX100 jáde. Ó wọ àpò, síbẹ̀ sẹ́nsọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13.2 sí 8.8. Òótọ́ ni pé ti D7200 ṣì fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 3 ó lé díẹ̀. Ẹ wá wo lẹ́ńsì. Nígbà tí a kò bá tíì fà á síwájú, ẹnu lẹ́ńsì RX100 ń là dé f/1.8, nígbà tí lẹ́ńsì tí wọ́n sábà ń tà mọ́ DSLR kì í là kọjá f/3.5. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ẹnu ṣe ń fẹ̀ tó: láti 3.5 wá sí 1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 4. Ife tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lè rí omi tó pọ̀ tó ti agbada tó wà ní gbangba. Nítorí náà, nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀, bí a bá ń ya ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan, kámẹ́rà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe dọ́gba. Ìgbà tí a bá fẹ́ fa ojú ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán súnmọ́ wa ni DSLR máa ń gba iwájú, pàápàá bí a bá yọ lẹ́ńsì tí wọ́n tà mọ́ ọn, tí a fi lẹ́ńsì 50mm f/1.8 sí i. Lẹ́ńsì yẹn wà lára àwọn tí owó wọn kò ga.

Àwọn tó ń tajà á máa pariwo mẹ́gápíksẹ̀ sí wa létí. RX100 ní 20, D7200 ní 24. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gba owó lọ́wọ́ yín. 20 tó fún fọ́tò tí a fẹ́ gbé kọ́ ògiri pálọ̀ bàbá wa.

Ohun kan wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Kámẹ́rà kò mọ ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń wọ̀n, ó sì gbà pé ohun gbogbo tó wà níwájú òun yẹ kó rí bí àwọ̀ eérú, kó má funfun jù, kó má dúdú jù. Bí ẹni tí à ń yà bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú onítọ̀hún á wá dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí ó bá wọ gáùn dúdú ti ọjọ́ ìgbàwọlé, kámẹ́rà á ní ilẹ̀ ti ṣú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ojú á wá funfun bí ẹni tó fi ẹfun para. Àtúnṣe rẹ̀ ni bọ́tìnì tí wọ́n kọ + àti − sí lára. Fún léèsì, ẹ tì í sí apá +. Fún gáùn, ẹ tì í sí apá −. Irú kámẹ́rà méjèèjì tí mo dárúkọ ló ní in. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lórí kámẹ́rà àpò yóò ya ojú ènìyàn dáadáa ju ẹni tó gbé DSLR kọ́rùn tó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti yàn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí àdúgbò. Lédè Hausa, unguwa ni àdúgbò, rogo sì ni gbágùúdá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ló kún ibẹ̀ báyìí, kì í ṣe oko gbágùúdá. Ó súnmọ́ ọgbà Yunifásítì tó wà ní Bauchi Road tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè fẹsẹ̀ rìn dé kíláàsì. Àwọn Hausa tí í ṣe Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní September 2001, ní November 2008 àti ní January 2010 kò yọ àdúgbò náà sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jó, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì kó ẹrù wọn jáde. Ibi tí irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn kì í fi ojú lásán wo ẹni tó gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn. Lójú wọn, onítọ̀hún kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Oníròyìn ni, tàbí ẹni tí ìjọba rán wá wo ilé wọn. Wọ́n á béèrè ẹni tó rán an, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Kámẹ́rà àpò kì í dá irú ìfura bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò wá sọ pé ká máa jí fọ́tò ènìyàn yà o. Ẹ kí wọn ní “Sannu”, ẹ béèrè, ẹ fi ohun tí ẹ yà hàn wọ́n. Obìnrin ilé ẹlòmíràn, ẹ má yà á àfi bí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Àwa Yorùbá tí a jẹ́ Mùsùlùmí kò nílò kí wọ́n sọ èyí fún wa, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ti Èkó dé pẹ̀lú ìwà Èkó. Ti olè náà tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aṣọ ni à ń sá sóòrùn.

Ọyẹ́ náà tún ńkọ́? Ìlú Jos ga tó mítà 1,200 sí òkun. Láti November dé February, eruku ọyẹ́ á bo gbogbo nǹkan, òtútù á sì mú bí ẹni pé a kò sí ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá yọ lẹ́ńsì DSLR níta nínú eruku yìí ń kó eruku sórí sẹ́nsọ̀ ni, àmì dúdú á wá máa hàn lójú sánmà nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀. Inú ilé ni kí ẹ ti pààrọ̀ lẹ́ńsì, kí ẹ da ojú kámẹ́rà délẹ̀. Ẹ má rò pé kámẹ́rà àpò bọ́ o. Lẹ́ńsì rẹ̀ ń nà jáde, ó sì ń wọlé padà, ó lè fa eruku mọ́ra bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá wọ inú DSLR, a lè fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ kúrò. Èyí tó bá wọ inú kámẹ́rà àpò, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀. Òtútù náà sì ń dín agbára bátìrì kù. Bátìrì D7200 lè ya fọ́tò tó tó 1,110 kí ó tó kú, ti RX100 kì í ju 330. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń ṣe wá mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí já sí. Bátìrì kejì kì í ṣe fáàrí fún ẹni tó bá ra kámẹ́rà àpò.

Àwọn kan á ní kámẹ́rà kékeré kò lè sọ ènìyàn di nǹkan kan. Ẹ wo Pa J. D. ’Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó tí wọ́n bí ní 1930. Kámẹ́rà Brownie D ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, kò tilẹ̀ ní fíláàṣì. Ní 1954 ó ríṣẹ́ sí yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìjọba fún ètò ìròyìn ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti mọ iṣẹ́ dáadáa. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin, ó sì yà tó nǹkan bí 1,000 kí ó tó kú ní 2014. Gbogbo ayé ló wá ń wo irun wa níbẹ̀. Nígbà tó fi máa ya irun wọ̀nyí, kì í ṣe Brownie ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ló béèrè kámẹ́rà tó tóbi sí i, òun náà sì ti tó o lò.

Ẹ tún wo àwọn ayàwòrán ilẹ̀ wa tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ nípa wọn ní 1978 lẹ́yìn tó ti dé Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan náà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Ìyá ìbejì kò béèrè irú kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á.

Ta ló wá yẹ kó ra DSLR? Ẹni tó fẹ́ fi gba owó ni. Ní òde ìgbéyàwó, DSLR ní ibi tí a ń gbé fíláàṣì ńlá lé, a lè kọ ojú fíláàṣì sí àjà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sórí àwọn ènìyàn bí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Fíláàṣì kékeré inú kámẹ́rà àpò ń gbá ojú ènìyàn ní tààrà ni. D7200 tún ní àyè káàdì méjì. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, fọ́tò ṣì wà nínú èkejì, nítorí kò sẹ́ni tó ń tún ìgbéyàwó ṣe torí fọ́tò. Ká má parọ́, oníbàárà pẹ̀lú máa ń wo bí kámẹ́rà ṣe tóbi tó kí ó tó sanwó. Kò dára, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ka lẹ́ńsì, fíláàṣì, káàdì àti báàgì mọ́ owó kámẹ́rà, kí ó sì ka iye òde tó dájú pé yóò rí ní ọdún kan. Bí òde tó dájú kò bá tó mẹ́fà, mo rò pé kí ẹni mẹ́ta dá èsúsú, kí wọ́n rà á pọ̀, kí wọ́n sì kọ àdéhùn wọn sílẹ̀.

Àwa tó kù, tí a kàn fẹ́ ya ọ̀rẹ́, kíláàsì, ìpàdé ẹgbẹ́ àti òkè Jos, kámẹ́rà àpò tí sẹ́nsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ bíi ti RX100 ló yẹ wá. Olówó pọ́ọ́kú onísẹ́nsọ̀ bíńtín, ẹ má rà á rárá; fóònù tó dára ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2010, kámẹ́rà àpò tí wọ́n kó jáde láyé ju 100 mílíọ̀nù lọ. Fóònù ló gba ọjà náà lọ́wọ́ wọn.

Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa yóò rà, owó DSLR tòkunbọ̀ sì ti ń rọ̀ láti ìgbà tí Canon àti Nikon ti gbájú mọ́ irú tí kò ní dígí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ béèrè iye ìgbà tí ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ti ṣí. 150,000 ni Nikon dán ti D7200 wò dé. Ẹ ya ògiri funfun tàbí sánmà, kí ẹ wò ó bóyá àmì dúdú wà. Bí ó bá jẹ́ kámẹ́rà àpò, ẹ tàn án, ẹ pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ máa gbọ́ bí lẹ́ńsì ṣe ń jáde; bí ó bá ń dún gìrìgìrì, ẹ gbé e sílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i pé bátìrì àti ṣájà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi ṣájà náà sínú iná níwájú ẹni tó tà á.